Ẹ̀rù Tó Ń Gbé Inú Ilé

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú fíìmù tó ń dẹ́rù bà mí, kó má wulẹ̀ wá ẹbọra olórí mẹ́ta tó ń tu iná lẹ́nu. Kó wá ilé kan tí ọkọ ti ń wo ìyàwó rẹ̀ lójú oorun, tí àwa òǹwòran mọ ohun tó wà lọ́kàn ọkùnrin náà, tí obìnrin náà kò sì mọ nǹkan kan. Láti kékeré ni mo ti ń wo fíìmù adẹ́rùbani, ti òyìnbó, ti Íbò, ti Yorùbá. Bí mo ṣe ń dàgbà ló túbọ̀ ń yé mi pé òwe kan ṣoṣo ni mo fi ń wọ̀n wọ́n: ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Fíìmù tó bá fi tọkàntọkàn gba òwe yìí gbọ́, mi ò ní í sùn bọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí mo bá wò ó. Èyí tí kò bá gbà á gbọ́, ìbáà ná owó tó tó ra ìlú kan, ariwo lásán ni létí mi.

Àwa Yorùbá kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ yìí. Kí ẹnikẹ́ni wa tó gbé kámẹ́rà ni D. O. Fágúnwà ti kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1938, tó fi Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún pàdé ọdẹ nínú igbó. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, Hubert Ògúńdé gbé eré orí ìtàgé rẹ̀, Aiyé, sínú fíìmù, Ọlá Balógun sì ni olùdarí. Ògúńdé fúnra rẹ̀ ló ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tó ń bá ẹgbẹ́ àjẹ́ wọ̀yá ìjà. Jáiyésinmi tẹ̀ lé e, Àròpin N'Tènìyàn sì dé ní 1982. Nígbà yẹn, ńṣe ni wọ́n ń gbé fíìmù kiri láti ìlú dé ìlú bí wọ́n ti máa ń gbé eré orí ìtàgé kiri. Bí wọ́n bá wà ní gbọ̀ngàn ìlú kan lónìí, ọgbà ilé ìwé ìlú mìíràn ni lọ́la. Èrò á kún fọ́fọ́, wọ́n á wo ìpàdé àjẹ́ lábẹ́ igi lóru, lẹ́yìn náà ni oníkálùkù á wá fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé nínú òkùnkùn, lábẹ́ igi tòótọ́. Kò sí ilé sinimá ìgbàlódé tó lè fún òǹwòran ní irú ìrìn àjò sílé bẹ́ẹ̀.

Lórí tẹlifíṣọ̀n, Àrélù ti Jímọ́ọ̀ Àlíù ló gba iwájú lọ́dọ̀ mi. Ní àwọn ọdún 1980 ni NTA ń gbé e jáde. Àlíù ni Àwòrò, Fọlákẹ́ Àrẹ̀mú ni Òrìṣàbùnmi, Òjó Arówóṣafẹ́ sì ni Fádèyí Olóró. Orúkọ inú eré yìí ló mọ́ wọn lára títí tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi papòdà. Ohun tó mú kí Àrélù wọni lára ni pé ẹnu ni ohun ìjà tó le jùlọ nínú rẹ̀. Kámẹ́rà á sún mọ́ ojú Fádèyí, ojú náà kò ní í ṣẹ́, ohùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ni á wá máa ga díẹ̀díẹ̀. Ọfọ̀ ní òfin tirẹ̀. Á kọ́kọ́ ka ohun tí gbogbo ayé mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí, ìṣe ewé, ìṣe ẹranko, ìṣe omi, kó tó wá so ẹni tó ń bá wí mọ́ ọn. Tí òṣèré bá ti ka èkíní, tó ka èkejì, òǹwòran tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ti mọ ibi tí ẹ̀kẹta ń forí lé, ó sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè dá a dúró mọ́. Ibi tí a ti ń retí ẹ̀kẹta yẹn ni ẹ̀rù wà.

Ọ̀pọ̀ eré tí a ń ṣe lónìí ti ba èyí jẹ́. Kí alágbára tó la ẹnu, iná aláwọ̀ ewé ti jáde látinú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ti ọ̀tá rẹ̀ pupa, méjèèjì pàdé láàrin, ó dún gbàmù. Kọ̀ǹpútà ló ṣe gbogbo rẹ̀. Mi ò ní ìjà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ohun tó ń dùn mí ni pé ariwo rẹ̀ bo ọfọ̀ mọ́lẹ̀, tí ọmọdé tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n kò fi gbọ́ gbólóhùn kan tí yóò rántí títí di ọjọ́ kejì. Òṣèré tó mọ ọfọ̀ í pè kò tíì tán nílẹ̀ yìí. Kí olùdarí pa iná orí kọ̀ǹpútà yẹn, kó sún kámẹ́rà mọ́ ẹnu wọn, yóò rí i pé owó rẹ̀ tó ṣe fíìmù.

Nígbà tí eré àgbéléwò gbòde, Yẹkíní Àjíléyẹ ṣe Kòtò Ayé, ó tún ṣe Kòtò Ọ̀run. Eré méjèèjì kọ́ ọ̀pọ̀ wa láti máa bẹ̀rù òru. Iṣẹ́ akọni ni, mi ò sì ní í bù ú kù. Ṣùgbọ́n irú eré bẹ́ẹ̀ tún kọ́ wa ní ohun kan tí kò dára: pé tí aburú bá ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé, ìyá arúgbó tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ni ká kọ́kọ́ yíjú sí. Láti ìgbà náà, bí olùdarí bá ti fẹ́ kí á bẹ̀rù, á gbé ìyá àgbàlagbà kan síwájú kámẹ́rà, á fi dúdú kun ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀, á ní kó rẹ́rìn-ín. Kò ní í sọ ohun tí ìyá náà ń wá. Kò ní í sọ ìdí tí ẹni tó pọn ọmọ náà sẹ́yìn, tó wẹ̀ fún un, tó fún un lágbo, fi fẹ́ pa á. Ó gbà pé ojú arúgbó ti tó ní àlàyé. Margaret Bándélé Ọláyínká, tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìyá Gbọ́nkán, ti ṣe ipa àjẹ́ yìí débi pé ó ti ní láti máa sọ fún àwọn oníròyìn pé òun kì í ṣe àjẹ́. Òṣèré tó mọ iṣẹ́ dé góńgó ni, ojú rẹ̀ lè sọ ohun mẹ́wàá láìsí ọ̀rọ̀ kan, ohun kan ṣoṣo ni a sì ń ní kó máa sọ látọdún yìí wá.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá inú fíìmù. A ti gbọ́ ìròyìn àwọn ìyá arúgbó tí àwọn èrò lù nígboro nítorí pé ẹnìkan tọ́ka sí wọn pé àjẹ́ ni wọ́n. Ní apá ibòmíràn lórílẹ̀-èdè yìí, ọmọdé ni wọ́n ń nàka sí. Ní 1999, Teco Benson darí End of the Wicked, níbi tí ọmọdé ti ń ṣèpàdé òru. Ní 2008, ìjọba ìpínlẹ̀ Akwa Ibom ní láti ṣòfin tó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti pe ọmọ ní àjẹ́, nítorí àwọn ọmọ tí òbí wọn ti lé síta. Mi ò sọ pé fíìmù kan ló lé wọn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá ń ta ẹ̀rù gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ọjà rẹ̀ máa dé bá.

Bẹ́ẹ̀, fíìmù tó fi ẹ̀sùn sí ibi tó yẹ kò jìnnà sí wa. Kenneth Nnebue gbé Living in Bondage jáde ní 1992 lédè Íbò, Chris Obi Rapu ló darí rẹ̀. Andy Okeke, tí Kenneth Okonkwo ṣe, fẹ́ lówó bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe lówó. Ẹgbẹ́ òkùnkùn ní kó mú ìyàwó tó fẹ́ràn wá, ó sì mú Merit wá, obìnrin tó bá a jìyà nígbà tí kò sí. Lẹ́yìn ìyẹn, owó dé, òkú Merit náà sì dé. Iye ìgbà tí mo bá wò ó, ibi tó máa ń dùn mí jùlọ ni àwọn ibi tí Merit ti ń ṣìkẹ́ ọkọ rẹ̀ kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Oúnjẹ tó gbé kalẹ̀, ọ̀rọ̀ ìtùnú tó ń sọ, gbogbo rẹ̀ ló dà bí ẹni pé ó ń fà á sún mọ́ ọ̀bẹ. Kò sí ìyá arúgbó kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọkọ rẹ̀ ni.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, àjọ tó ń yẹ fíìmù àti fídíò wò lórílẹ̀-èdè yìí kéde pé àwọn máa fòfin de fíìmù tó ń gbé ògùn owó lárugẹ. Ohun tó ká wọn lára yé mi, nítorí ìròyìn àwọn ọ̀dọ́ tó ń pa ènìyàn ṣowó kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fojú sílẹ̀ dáadáa. Fíìmù tó fi ọmọkùnrin tó pa ìyá rẹ̀ hàn wá nínú ọkọ̀ bọ̀gìnnì fún wákàtí kan àbọ̀, tó wá fi ìṣẹ́jú márùn-ún tó kẹ́yìn sọ ọ́ di wèrè, ìyẹn gbé e lárugẹ, ohunkóhun tí ì báà kọ sí ìparí rẹ̀. Living in Bondage kò jẹ́ kí owó Andy dùn lẹ́nu wa nígbà kankan. Bí wọ́n bá kó àwọn méjèèjì pọ̀ sínú àpò kan, wọ́n á pa irú fíìmù tó lè ba ọmọ ẹlòmíràn lẹ́rù kúrò nínú iṣẹ́ ibi náà.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé ti Living in Bondage, 1993, Túndé Kèlání gbé Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde. Kàrímù Adépọ̀jù, Bàbá Wándé, ni Olóyè Asíyanbí tó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dìmọ̀ pọ̀ láti ta ilẹ̀ àwọn baba ńlá. Nígbà tí ikú bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tó jọ jẹ owó náà, a kò nílò òkú kankan tó ń rìn. Ojú Bàbá Wándé tó ń ka ẹni tó kù ti tó. Bákan náà ni Arárọ̀míire, tí òyìnbó pè ní The Figurine, tí Kúnlé Afọláyan ṣe ní 2009. Ọ̀rẹ́ méjì, Fẹ́mi àti Ṣọlá, rí ère kan nínú ojúbọ àtijọ́ nígbà tí wọ́n wà lẹ́nu ìsìnrú ìlú. Ọdún méje ire, ọdún méje ibi, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn òrìṣà náà wí. Nígbà tí ibi bẹ̀rẹ̀, fíìmù náà kò jẹ́ kí á mọ̀ bóyá òrìṣà ló ń ṣiṣẹ́ ni tàbí ọ̀rẹ́ tó jókòó nínú pálọ̀, tó ti ń di ìfẹ́ ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ sínú tipẹ́. Èmi ti mú èrò tèmi: òrìṣà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹni tó bá ní èrò mìíràn, ẹ jẹ́ kó tún un wò, kó sì máa wo ojú Ramsey Nouah, tó ṣe ọ̀rẹ́ náà, nígbà tí ẹlòmíràn bá ń sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọjá sókè òkun. The Exorcist ti 1973 ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dárúkọ tí wọ́n bá béèrè fíìmù tó dẹ́rù bani jùlọ lágbàáyé. William Friedkin ló darí rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ sọ yàrá tí wọ́n ti ya á di tútù bí inú fíríìjì kí èémí àwọn òṣèré lè máa jáde bí èéfín, Mercedes McCambridge sì ni wọ́n gbà láti fi ohùn rẹ̀ tó há ṣe ohùn ẹ̀mí èṣù tó wọ ọmọdébìnrin kan lára. Ṣùgbọ́n nǹkan tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni sùúrù rẹ̀. Ìyá ọmọ náà kò sáré lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún ọmọdé náà lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ tú jáde, ẹ̀rọ ń pariwo gbì-gbì-gbì yí orí rẹ̀ ká, dókítà kan ń fà á lé òmíràn lọ́wọ́. Ibẹ̀ yẹn burú lójú mi ju ibi tí orí ọmọ náà ti yí sẹ́yìn lọ. Àlùfáà tó wá gbà á sílẹ̀, Karras, ń ṣiyèméjì nípa ìgbàgbọ́ òun fúnra rẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ ló sì fi rọ́pò ti ọmọ náà. Nínú ọ̀pọ̀ eré tiwa, wòlíì á pariwo ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, àjẹ́ á ṣubú lulẹ̀, ìjọ á bú sí orin. Kò ná wòlíì ní ohunkóhun. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bẹ̀rù nígbà tó ń wọlé.

Lórí ohun tí a kò rí, mi ò ní í pẹ́. Gbogbo ẹni tó fẹ́ràn fíìmù ló mọ ìtàn Jaws ti 1975, bí ẹja onírin tí wọ́n ṣe fún Steven Spielberg ṣe ń bàjẹ́ nínú omi iyọ̀, tó fi di dandan fún un láti máa fi omi, agba àti orin rọ́pò ẹja, tí fíìmù náà sì fi dára. Tiwa ni Madam Koi-Koi. Ẹni tó bá gbé ilé ìwé alágbèégbé rí mọ̀ ọ́n: olùkọ́ tó ti kú, bàtà pupa gíga lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kó, kó, kó, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lóru. Ìró bàtà nìkan ni gbogbo ìtàn náà. Nígbà tí Jay Franklyn Jituboh gbé e wá sórí Netflix ní 2023, mo fi ìdùnnú jókòó, mo sì gbádùn àwọn ibi tí ìró náà ti ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Bí wọ́n ṣe fi ojú rẹ̀ hàn wá, tí wọ́n tún fi hàn lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, àyà mi balẹ̀.

Èyí tí àwa Yorùbá ì bá tètè lóye jùlọ nínú fíìmù òyìnbó ni Get Out ti Jordan Peele, 2017. Mílíọ̀nù 4.5 dọ́là ni wọ́n fi ṣe é, ó pa ju mílíọ̀nù 250 lọ, Peele sì gba Oscar fún ìtàn tó kọ. Ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Chris, bá ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ òyìnbó lọ kí àwọn òbí rẹ̀. Ta ni kò mọ bí ẹni tó lọ kí àna ṣe máa ń ṣe ara rẹ̀? O kò lè kọ oúnjẹ, o kò lè dìde nígbà tó wù ọ́, ohun tí wọ́n bá sọ tí kò dùn mọ́ ọ, wàá rẹ́rìn-ín sí i. Ìwà ọmọlúwàbí yìí gan-an ni wọ́n fi mú un. Lóru ọjọ́ kan, ìyá ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ pè é jókòó, ó ń fi ṣíbí ro tíì nínú ife. Ṣíbí ń ha ara ife, wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́, ìyá ń béèrè nípa ikú ìyá Chris, omijé ń ṣàn lójú ọmọkùnrin náà, kò sì lè gbé ọwọ́ mọ́. Ife tíì àti ṣíbí ni. Mo mọ àwọn fíìmù tó fi ayùn gé èèyàn sí wẹ́wẹ́ tí kò dá mi dúró bí ohun kékeré yẹn ti dá mi dúró.

Lórí tẹlifíṣọ̀n òde òní, mi ò tíì rí èyí tó ju The Haunting of Hill House lọ, tí Mike Flanagan ṣe fún Netflix ní 2018. Ìdílé kan, ọmọ márùn-ún, wọ ilé ńlá kan láti tún un ṣe kí wọ́n lè tà á. Àbíkẹ́yìn wọn jẹ́ ìbejì, Luke àti Nell. Luke ló kọ́kọ́ wáyé, wọ́n sì kà á sí ẹ̀gbọ́n. Lọ́dọ̀ wa, Nell ni Kẹ́hìndé, òun ni à bá pè ní ẹ̀gbọ́n, mo sì rò pé ìtàn náà bá ètò tiwa mu jù, nítorí Nell ló gbé ẹrù àwọn méjèèjì. Láti kékeré ni Nell ti ń rí obìnrin kan lóru, ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́, irun bò ó lójú, tó ń dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó dàgbà, ó fẹ́ ọkọ, obìnrin náà kò fi í sílẹ̀. Ní apá karùn-ún, Nell padà sí ilé náà lóun nìkan. Ilé fi àwọn ènìyàn rẹ̀ tó ti kú tàn án, ó jó, ó rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ tó ti kú fi ẹ̀gbà sí i lọ́rùn. Kí ó tó mọ̀ pé okùn ni, ó ti já bọ́. Bí ó ṣe ń já bọ́ ló ń já bọ́ gba inú ọdún ayé rẹ̀ kọjá, ó ń dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì kan dé òmíràn, títí tó fi dé orí ọmọdébìnrin tó ń sunkún, tó ń wò ó. Òun ló ti ń dẹ́rù ba ara rẹ̀ látọjọ́ yìí. Mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo dìde, mo rìn yí ilé ká kí n tó lè wo èyí tó kù. Ó wá yé mi pé kì í ṣe òun nìkan ni ohun búburú ilé náà ń jẹ. Nínú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ tí Nell ké pè lórí fóònù, oníkálùkù ló ní ìdí tí kò fi gbé e.

Flanagan kan náà ló ṣe Midnight Mass ní 2021, apá méje péré. Àlùfáà kan dé sí erékùṣù kékeré, iṣẹ́ ìyanu bẹ̀rẹ̀, ọmọbìnrin tó wà nínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn dìde rìn. Ohun tí àlùfáà pè ní áńgẹ́lì jẹ́ ẹ̀dá amùjẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń pò mọ́ wáìnì oúnjẹ Olúwa. Ọkùnrin náà kò purọ́ lórí áńgẹ́lì yìí. Ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ tó báyìí lọ́dọ̀ wa, mo ń retí ọjọ́ tí olùdarí Yorùbá kan á láyà láti ṣe irú èyí. The Walking Dead ní tirẹ̀ lò láti 2010 dé 2022, mo sì wò ó pẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, òkú tó ń rìn di eṣinṣin lásán tí wọ́n ń gbá kúrò lọ́nà, ogun àárín alààyè ló kù, mo bá fi í sílẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ti ń fi ara wọn hàn nínú iṣẹ́ yìí. Nínú His House tí Remi Weekes darí ní 2020, Ṣọpẹ́ Dìrísù àti Wúnmi Mosaku ṣe Bol àti Rial, tọkọtaya tó sá ogun kúrò ní Gúúsù Sudan. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún wọn ní ilé kan tí ògiri rẹ̀ ti lu. Ohun kan ń sọ̀rọ̀ nínú ògiri náà. Rial mọ̀ ọ́n, ó ti gbọ́ ìtàn rẹ̀ nílé: ọkùnrin kan jalè láti kọ́lé, ẹni tó jà lólè sì wá ń bá a gbé inú ilé ọ̀hún. A ti ń káàánú tọkọtaya náà nítorí ọmọ wọn tó kú sínú òkun, àfìgbà tí a dé ibi tí ọkọ̀ ti kún, tí wọ́n ní ẹni tó bá ní ọmọ nìkan ló lè wọlé. Bol na ọwọ́, ó já ọmọ ọlọ́mọ gbà. Ìyá ọmọ náà ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀. Láti ibẹ̀ lọ, mi ò mọ ẹni tí màá gbàdúrà fún mọ́, ẹni tó wà nínú ilé tàbí ohun tó wà nínú ògiri.

Mosaku yìí, ọmọ tí wọ́n bí ní Zaria tó dàgbà ní Manchester, ló tún ṣe Annie nínú Sinners ti Ryan Coogler ní 2025. Ìlú Clarksdale ní Mississippi, ọdún 1932, ni ìtàn náà ti wáyé. Annie mọ egbò, ó mọ ewé, ó ń bọ nǹkan tí àwọn baba ńlá rẹ̀ gbé kọjá òkun. Nígbà tí àwọn amùjẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ijó, òun ló kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n jẹ́, òun ló sọ ohun tí wọn yóò ṣe. Kò pariwo, kò yọ iná lọ́wọ́. Ó ní kí ọkọ òun ṣèlérí pé bí wọ́n bá bu òun jẹ, kó má jẹ́ kí òun di ọ̀kan nínú wọn. Nígbà tí àkókò tó, ọkọ mú ìlérí ṣẹ. Obìnrin tó mọ awo ni, kò sì sẹ́ni tó wo fíìmù náà tó pè é ní àjẹ́ búburú.

Èyí ló jẹ́ kí n máa ronú sí ìtàn kan tí gbogbo wa mọ̀, tí mi ò tíì rí ẹni tó ṣe é bó ṣe yẹ: ìtàn àkúdàáyà. Ẹni tó ti kú nílùú kan, tó lọ ń gbé ìlú mìíràn, tó ń ṣòwò, tó fẹ́ra, tó bímọ, títí ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ àtijọ́ á fi pàdé rẹ̀ lọ́jà. Kò gba kọ̀ǹpútà, kò gba iná aláwọ̀ ewé. Bí èmi bá lówó, màá ya á sínú ilé kan ṣoṣo ní Ìṣẹ́yìn, ọkọ, ìyàwó, ọmọ méjì, àti ìyá ọkọ tó ti darúgbó. Ìyá náà á lọ síbi òkú ní ìlú ìyàwó ọmọ rẹ̀, ibi tí ọmọ rẹ̀ kò dé rí, wọ́n á sì fi sàréè kan hàn án. Á padà sílé, á jókòó sí yàrá ẹ̀yìn, kò ní í jẹun tí ìyàwó bá sè mọ́. Bó bá la ẹnu sọ ọ́, wọ́n á ní àjẹ́ ni, pé ó fẹ́ tú ilé ọmọ rẹ̀ ká. Ìyàwó náà kò ní í ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Ó fẹ́ràn àwọn ọmọ rẹ̀, ó fẹ́ wà láàyè, ó sì mọ̀ pé ìyá mọ̀. Ìyá Gbọ́nkán ni màá gbé ipa ìyá náà fún, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó pọ̀ láti sọ, àti ìdí tó dájú fún gbogbo ohun tó bá ṣe.